Bàtà Méjìlá Tó Padà Wálé

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Oníbàtà, ẹsẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ rí kẹ́ ẹ tó rí èèyàn. Ẹsẹ̀ onígi ni o. Ara ògiri ni wọ́n kọ́ wọn sí láti ìsàlẹ̀ dé òkè àjà, wọ́n fi okùn so wọ́n ní méjì méjì bí ẹran tí wọ́n ń dà lọ sọ́jà. Ẹsẹ̀ gbọọrọ wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ kúkúrú wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ìka ẹ̀ gun ara wọn ńkọ́? Ó wà. Ọkùnrin kan wà ládùúgbò tí ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ fi díẹ̀ gùn ju tòsì lọ, òun àti Ìyá Oníbàtà nìkan ló mọ̀. Ìyàwó tó ń fọ ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ gan-an ò mọ̀.

Bàbá tó bí Ìyá Oníbàtà ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀, nínú yàrá kan tó dojú kọ ọsibítù. Òun lọmọ kẹta. Àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin méjèèjì ní awọ ń rùn, wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Òun ló jókòó ti bàbá lórí àpótí, tí òun náà ń kó ìṣó sẹ́nu bíi ti bàbá, títí tí ìyá ẹ̀ fi ń pariwo pé ọkọ wo ló máa fẹ́ obìnrin tí ìṣó ń jáde lẹ́nu ẹ̀. Ọkọ fẹ́ ẹ. Bàtà lọkọ náà wá ṣe tó fi rí i, bó sì ṣe rí i tó ń tu ìṣó jáde ló ti gbà fún un.

Bàbá yẹn ní àṣà kan tí kì í jẹ́ kó yẹ̀. Bí kọ́sítọ́mà bá jókòó, tó bọ́ bàtà, tó gbé ẹsẹ̀ lé páálí kí wọ́n fi pẹ́ńsùlù yí i ká, bàbá ò ní tíì wojú ẹ̀. Ẹsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kí. "Ẹ kú ìrìn o. Ẹ kú ẹrù rírù." Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa wá gbójú sókè kí ẹni tó ni ín. Bí wọ́n bá fi rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹsẹ̀ ló rìn wá síbí. Ìwọ kàn jókòó lé e lórí ni."

Kì í ṣàwàdà lásán. Ẹni tó bá ń kí ẹsẹ̀ á tẹjú mọ́ ọn, á rí ibi tó le, ibi tó wú, ibi tó ti fara pa rí. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará àdúgbò yẹn, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ṣe kékeré, iwájú ẹsẹ̀ wọn wá tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀. Bàbá á gbẹ́ igi tó tẹ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, á wá fi awọ bò ó. Ó ní bàtà tó bá ń bu ẹsẹ̀ jẹ, olè ni: o ti fowó rà á tán, ó tún ń gba ẹran ara.

Nígbà tí bàbá lọ, Ìyá Oníbàtà gba òòlù. Ó bá Bàbá Gọ́ọ̀mù níbẹ̀, ọkùnrin àgbà tó ti ń lẹ àtẹ́lẹ̀ bàtà látìgbà tí bàbá wà. Gọ́ọ̀mù ti pa imú ẹ̀ pátápátá. Òun fúnra ẹ̀ á ní bí ọbẹ̀ bá jóná nílé òun, aládùúgbò ló máa ń wá sọ fún òun. Lójú kọ́sítọ́mà, "Ọ̀gá" ló ń pe Ìyá Oníbàtà. Bí kọ́sítọ́mà bá ti jáde báyìí, ó di "ọmọ yìí". Obìnrin méjì tún wà tí wọ́n ń rán awọ, ìyẹn mẹ́rin nínú yàrá kan, oúnjẹ sì ń dé ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Bó ṣe wà nìyẹn títí bàtà ọkọ̀ fi dé.

Bàtà ọkọ̀ ni wọ́n ń pe bàtà tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá, tí wọ́n ń dà sílẹ̀ nínú àpò bí iṣu. Rọ́bà ni òmíràn, òmíràn jọ awọ títí òjò á fi kàn án. Iye tí Ìyá Oníbàtà fi ń ra awọ nìkan, odidi bàtà ni wọ́n ń tà níye yẹn. Ẹni tó kó o wọ àdúgbò kì í sì ṣe àjèjì. Àbúrò Ìyá Oníbàtà ni, tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà, àbíkẹ́yìn ìyá wọn. Ọ̀rọ̀ kan ò jìnnà sẹ́nu ẹ̀, "ọjà ò mojú, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ ló mọ̀," àwọn èèyàn wá sọ ọ́ ní Ọjà-ò-mojú. Ó lóye, ó lẹ́nu, kò sì lójú kòkòrò. Ó ń jẹun lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tó ń pa gbogbo èèyàn lẹ́rìn-ín ni pé bàtà tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣe ló ń wọ̀ lọ síbi tó ti ń ta bàtà ọkọ̀.

"Ìwọ tó ń tà á fún gbogbo ayé, kí ló dé tó ò wọ̀ ọ́?" Ìyá Oníbàtà á bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó ń ta oògùn eku, ṣé òun náà ló máa lá a ni?"

Ẹsẹ̀ abẹ̀bẹ̀ ò gbà nínú bàtà ọkọ̀. Ẹsẹ̀ tóóró kan ní ìlú kan ni wọ́n fi ṣe é. Kí làwọn èèyàn wá ṣe? Wọ́n mú bíléèdì, wọ́n la ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Bí ẹ bá dúró níwájú ọsibítù láàárọ̀, ọmọńdinrín ẹsẹ̀ lẹ máa rí tó ń yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà bí ẹni ń wo ìta lójú fèrèsé. Ó ń dùn wọ́n, àmọ́ ó rọ̀ wọ́n lápò.

Iṣẹ́ gbẹ. Àwọn obìnrin tó ń rán awọ bẹ̀rẹ̀ sí í pín ọjọ́, bí ọ̀kan bá wá lónìí, èkejì á wá lọ́la. Bàbá Gọ́ọ̀mù ní kí wọ́n jẹ́ kóun máa jókòó sílé. Ìyá Oníbàtà ní tó bá fẹ́ jókòó, àpótí wà ní ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà ni onílé wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ pa ògiri bí ẹni ń pa màlúù tó fẹ́ tà. Ó ní ọkùnrin kan tó ń ta fóònù ti ń bèèrè yàrá náà. Bí Ìyá Oníbàtà bá lè san owó ọdún tó ń bọ̀, ó dáa. Bí ò bá lè san án, kó jọ̀wọ́ kó ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrò lára ògiri.

Ọjà-ò-mojú gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ ò ṣeé fomi fọ̀. Kò pẹ́ tó fi sáré wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ríṣẹ́ bọ̀ fún yín. Obìnrin kan ń bọ̀ láti ìlú òkèèrè, ọ̀dọ̀ àwọn tí mo ti ń rajà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ lọ́hùn-ún, bàtà tí wọ́n fọwọ́ rán ló ń tà. Ṣé ẹ rí i? Ayé òde òní, ọ̀nà ṣí fún gbogbo èèyàn. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ bá mọ́ṣẹ́, ibi yòówù kó wà, ọjà á wá a kàn."

"Kó kọ́kọ́ wá ná," Ìyá Oníbàtà dá a lóhùn.

Obìnrin náà wá lóòótọ́. Ó so gíláàsì ojú mọ́ ọrùn, ni Bàbá Gọ́ọ̀mù bá ti sọ ọ́ ní Onígíláàsì kó tó jókòó. Ọjà-ò-mojú ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀. Onígíláàsì mú bàtà lórí pákó, ó tẹ̀ ẹ́, ó ki imú bọ inú ẹ̀, ó fi èékánná wá ojú ìrán, kò rí ibi tó máa ki èékánná sí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó yọ bàtà kan láti inú bébà, ẹsẹ̀ òsì nìkan, ó gbé e lé tábìlì. Ó ní kí wọ́n ṣe bàtà méjìlá bí èyí, tọ̀tún tòsì, fún òun wò. Tó bá dáa, ẹgbẹ̀ta ló ń bọ̀ lọ́dún, ọdọọdún. Lẹ́yìn ìyẹn ló bá tiẹ̀ lọ.

Ìyá Oníbàtà ń wò ó títí tó fi dé ojú ọ̀nà.

"Ó ń tiro," ó ní.

"Ta ló ń tiro?"

"Onígíláàsì. Ẹsẹ̀ òsì. Bàtà ń bù ú jẹ."

Ó ki ọwọ́ bọ inú bàtà tó fi sílẹ̀. Ọwọ́ wọlé, ó dé iwájú, ó há. Bàbá Gọ́ọ̀mù gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó yí i sókè, ó yí i sódò. "Ẹsẹ̀ rèé àbí ẹnu ẹyẹ?"

"Bóyá ìka mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń bí wọn mọ́ lọ́hùn-ún," ọ̀kan nínú àwọn tó ń rán awọ sọ.

"Èyí tó kù, wọ́n á ti gbé e sílé," èkejì dá a lóhùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìyá Oníbàtà ò bá wọn rín in. Ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ ni pé obìnrin tí bàtà ń bù jẹ ló wá fi bàtà tó ń buni jẹ ṣe àpẹẹrẹ. Bóyá wọn ò rẹ́ni ṣe é dáadáa fún wọn rí ni. Ó wá sọ pé, "Àwọ̀ ẹ̀ la máa ṣe, ìrán ẹ̀ la máa rán, gíga ẹ̀ la máa gbé e dé. Àmọ́ a máa fún ìka láyè. Orúkọ bàbá mi ò ní bọ́ sójú omi kó lọ di olè nílẹ̀ onílẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Awọ tó dáa jù tó kù nínú àpótí ni wọ́n gé. Bàbá Gọ́ọ̀mù lẹ àtẹ́lẹ̀, ó jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tó ń sùn. Nígbà tí wọ́n to méjèèjìlá sórí tábìlì, àwọn tó ń lọ sí ọsibítù ń dúró wò ó. Iwájú bàtà kọ̀ọ̀kan tẹ́ rẹ́rẹ́, ó ń dán bí ojú omi. Ìyá Oníbàtà tẹ̀ lé àpótí náà dé ibi tí ọkọ̀ ti gbé e, ó ń rìn bí ìyá ìyàwó.

Ìdáhùn dé lórí fóònù Ọjà-ò-mojú. Ó gbé e lé tábìlì kí gbogbo ilé gbọ́. Onígíláàsì sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, ó tún sọ̀rọ̀. Ọjà-ò-mojú ń mi orí. Nígbà tó dákẹ́, ó túmọ̀ ẹ̀: "Ó ní iṣẹ́ náà dáa."

"Gbogbo ọ̀rọ̀ gbọọrọ yẹn, òun lo sọ ní ẹnu kan yìí?"

"Ó ní ó dáa gan-an."

"Àbúrò mi, má fi ẹnu pọ́n mi lá. Kí ló kù?"

Ọjà-ò-mojú wolẹ̀. "Ó ní ẹsẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú wọn. Nínú àwọn tó wọ̀ ọ́ wò, kò sẹ́ni tó bá mu. Ó ti kó gbogbo ẹ̀ padà sínú ọkọ̀. Owó ọkọ̀ wà lọ́rùn wa."

Owó ilé tí Ìyá Oníbàtà ti ń tù jọ díẹ̀díẹ̀ ló máa tó owó ọkọ̀ yẹn, kò sì sí òmíràn. Gbogbo wọn mọ̀.

Ọjà-ò-mojú ló kọ́kọ́ gbé ohùn sókè. Ìbànújẹ́ ló sọ ọ́ di ariwo. "Ọjà ò mojú, ẹ̀gbọ́n mi! Ohun tí wọ́n bá fi hàn yín ni kẹ́ ẹ ṣe! Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún yín, dípò kẹ́ ẹ wọlé, ẹ dúró ẹ ń tún ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn kàn!"

"Ó dáa," Ìyá Oníbàtà ní. "Ọjà ò mojú. Jẹ́ n bi ẹ́. Nígbà tí bàtà tìẹ kọ́kọ́ dé, tó ń bu gbogbo àdúgbò jẹ, ta ló dá a padà?"

Ọjà-ò-mojú wo bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀.

"Ta ló pè wọ́n lórí fóònù pé ẹsẹ̀ wa ò gbà níbẹ̀? Ta ló ní kí wọ́n wá sanwó ọkọ̀ kí wọ́n máa kó o lọ? Bíléèdì la mú. Bí tiwọn ò bá bá wa mu, àwa la máa wá ọgbọ́n dá sí i. Bí tiwa ò bá bá wọn mu, àwa náà la máa sanwó ọkọ̀. Ọjà tí ò mojú yìí, báwo ló ṣe ń dá ojú tèmi mọ̀ ní gbogbo ìgbà?"

Ọjà-ò-mojú fà sẹ́yìn, ó jókòó. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ ti wálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi náà. Kí n tó kó bàtà ọkọ̀ wọ àdúgbò, ẹni tí ò lówó bàtà yín, kí ló ń wọ̀? Àwọn ọmọ tó ń gba iwájú yín lọ sílé ìwé báyìí, ẹ wo ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n wọ bàtà. Ó ń bù wọ́n jẹ, mo gbà. Àmọ́ ìgò ò gún wọn mọ́."

Ìyá Oníbàtà wo ìta. Òótọ́ ni, kò sì ní purọ́ mọ́ ọmọ ìyá ẹ̀.

Bàbá Gọ́ọ̀mù ló dá sí i láti ìdí iṣẹ́ ẹ̀. "Ọmọ yìí," ó ní, Ọjà-ò-mojú sì wà níjòókòó o, kò pè é ní Ọ̀gá lọ́jọ́ yẹn. "Bàtà méjìlá tá a ṣe yẹn, ẹsẹ̀ ta la kí ká tó ṣe é?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó gbé òòlù sílẹ̀. Àwọn ará ibí ni wọ́n mọ̀, ẹsẹ̀ ibí ni wọ́n fún láyè. Ó ti rí i pé Onígíláàsì ń tiro, kò bi í léèrè, kò ní kó bọ́ bàtà. Ó gba àpẹẹrẹ lọ́wọ́ èèyàn, ó ṣèdájọ́ fún ẹsẹ̀ tí ò rí. Àwọn tó ṣe bàtà ọkọ̀, ṣé wọ́n ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ?

"A ò kí ẹnìkankan, Bàbá," ó ní. Ó wá kọjú sí àbúrò ẹ̀. "Pè é padà. Ní kó fi ẹsẹ̀ ránṣẹ́."

"Kó fi kí ni ránṣẹ́?"

"Ẹsẹ̀. Kó wá èèyàn méjìlá tó ń ra bàtà lọ́dọ̀ ẹ̀, kó fi pẹ́ńsùlù yí ẹsẹ̀ wọn ká lórí bébà, ọ̀tún lọ́tọ̀, òsì lọ́tọ̀, kó fi ránṣẹ́. Má bẹ̀ ẹ́ o. Sọ fún un pé bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ níbí nìyẹn."

Ọjà-ò-mojú sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ẹ̀rín. Onígíláàsì ní ó dáa, òun á fi ránṣẹ́, àmọ́ owó awọ tí wọ́n máa fi ṣe é ò kan òun.

Bàtà méjèèjìlá ló kọ́kọ́ padà wálé. Nígbà tí wọ́n ṣí àpótí, ọ̀kan nínú àwọn tó ń rán awọ bú sẹ́kún. Ìyá Oníbàtà ní kó fi aṣọ nu ojú, kó sì fi aṣọ yẹn náà nu bàtà. Wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá tilẹ̀ máa kúrò ní yàrá yẹn, kí wọ́n rí wọn kí wọ́n tó lọ.

Ìgbà yẹn ni nọ́ọ̀sì àgbà kan gba títì kọjá láti ọsibítù, ó mú bàtà ọkọ̀ kan lọ́wọ́ tí àtẹ́lẹ̀ ẹ̀ ti la ẹnu. Ó fẹ́ kí Bàbá Gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Bó ṣe jókòó tó ń dúró, ó na ẹsẹ̀ sínú ọ̀kan nínú àwọn bàtà orí tábìlì, bí èèyàn ṣe máa ń fi ẹsẹ̀ wá sálúbàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wọ èkejì. Ó dìde, ó rìn dé ìdí ògiri, ó rìn padà, ó tún dúró, ó ń mi ìka ẹsẹ̀ nínú ẹ̀.

"Ta ló ni èyí?"

"Kò ní olówó," Ìyá Oníbàtà ní. "Wọ́n dá a padà láti ìlú òkèèrè."

"Dá a padà? Kí ló ṣe?"

Ọjà-ò-mojú fò sókè, ọjà ti gùn ún. "Bàtà òkè òkun rèé o, nọ́ọ̀sì àgbà! Ó wọ ọkọ̀ lọ, ó wọ ọkọ̀ bọ̀! Ìrìn tó ti rìn, èmi àti ẹ̀yin ò tíì rìn ín! Àwọn ńláńlá ni wọ́n—"

"Panu dé," ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sọ fún un. Ó kọjú sí nọ́ọ̀sì. "Ẹ má dá a lóhùn, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Wọ́n dá a padà torí pé ẹsẹ̀ tiyín ló bá mu."

Nọ́ọ̀sì náà wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti ń fi ọmọńdinrín ẹsẹ̀ síta dúró ti aláìsàn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, omi sì lé sí i lójú. "Ẹ bá n ju tìyẹn dànù," ó ní, ó ń nàka sí bàtà ọkọ̀ ọwọ́ Bàbá Gọ́ọ̀mù. "Mi ò lè san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan o."

"Ẹ san án bẹ́ ẹ bá ṣe ń gbowó oṣù."

Ọ̀nà yẹn ni ẹnìkankan ò tíì là rí. Láyé bàbá, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń sanwó bàtà, ohun tó sì ń lé tálákà lọ sídìí bàtà ọkọ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí Ọjà-ò-mojú sọ nípa ẹsẹ̀ lásán ló ṣì ń dún létí ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà padà sí ọsibítù, ó rìn kọjá níwájú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ nǹkan kan. Wọ́n bi í. Kó tó di pé ọ̀sẹ̀ parí, tábìlì ẹnu ọ̀nà ti ṣófo, ó ku bàtà kan ṣoṣo, àwọn tí ò rí tiwọn sì ti ń bọ́ bàtà kalẹ̀ kí wọ́n fi pẹ́ńsùlù yí ẹsẹ̀ wọn ká. Ìyá Oníbàtà ń kí ẹsẹ̀ títí ohùn ẹ̀ fi há.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Ọjà-ò-mojú ní, "ẹ jẹ́ n máa bá yín tà á níbi tèmi náà."

"Ìwọ onírọ́bà?"

"Ọjà ò mojú."

Ìyá Oníbàtà ju àjákù awọ mọ́ ọn.

Àárín ìgbà yẹn ni bébà ẹsẹ̀ dé. Ìyá Oníbàtà tẹ́ wọn sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, ó kí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, "Ẹ kú ìrìn o, ẹ kú ẹrù rírù." Kọ́sítọ́mà kan tó wọlé lákòókò yẹn rọra fi ẹ̀yìn jáde. Àwọn ẹsẹ̀ náà tóóró lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dé ìdajì, Bàbá Gọ́ọ̀mù kígbe. "Ẹ wo èyí! Ẹbí wa wo ló lọ síbẹ̀ tí ò dágbére?" Ẹsẹ̀ abẹ̀bẹ̀ ni. Méjì míì tún wà bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀. Ìyá Oníbàtà fọwọ́ pa bébà náà. Àwọn wọ̀nyí náà ti ń jìyà lọ́hùn-ún, kò sí bíléèdì tó máa gbà wọ́n, torí ojú ń tì wọ́n láti la bàtà.

Ó gbẹ́ igi fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Owó tó ti ọwọ́ àwọn nọ́ọ̀sì wá ló fi ra awọ. Tóóró ló ṣe fún tóóró, fífẹ̀ ló ṣe fún fífẹ̀, kò fi ìfẹ́ inú tiẹ̀ kún un, kò sì yọ níbẹ̀. Wọ́n dì í, ó lọ.

Fóònù ò dún. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó rí Onígíláàsì fúnra ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti àpò. Ó ṣì ń tiro. Ọjà-ò-mojú sáré dé láti túmọ̀. Onígíláàsì ní gbogbo ẹ̀ bá mu. Ó ní àwọn mẹ́ta kan ò fẹ́ bọ́ tiwọn mọ́, wọ́n ń wọ̀ ọ́ nínú ilé. Ó ní òun wá sọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀ta.

"Kó jókòó," Ìyá Oníbàtà ní. "Kó bọ́ bàtà ná."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ owó ló bá wá."

"Mo gbọ́. Kó bọ́ bàtà."

Onígíláàsì bọ́ ọ. Ìka ẹ̀ ti pọ́n, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ti le bí pákó. Iwájú ẹsẹ̀ ọ̀hún sì rèé, ó tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀. Bàbá Gọ́ọ̀mù kọjú sí ògiri kó má bàa rẹ́rìn-ín. Ìyá Oníbàtà kúnlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ náà lé páálí, ó mú pẹ́ńsùlù.

"Ẹ kú ìrìn o," ó sọ fún ẹsẹ̀. "Ẹ kú ẹrù rírù. Ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé." Ó wá gbójú sókè. "Ẹ káàbọ̀, ìyá."

Bí pẹ́ńsùlù ṣe ń yí ẹsẹ̀ ká ni wọ́n ń dúnàádúrà. Kò rọrùn kéèyàn takú nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ìyá Oníbàtà ní bàtà tóun bá ṣe bá bébà ẹsẹ̀ mu, tí wọ́n bá dá a padà, owó ọkọ̀ ò kan òun. Onígíláàsì gbà. Ìyá Oníbàtà ní àbúrò òun ti sọ fóun pé ìlọ́po mẹ́jọ iye tí wọ́n fẹ́ san fóun ni wọ́n ń tà á lọ́hùn-ún. Onígíláàsì ní owó ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, owó iná wà níbẹ̀, owó ọkọ̀, owó orí. Ó fi díẹ̀ lé e.

"Kò tó," Ìyá Oníbàtà sọ fún àbúrò ẹ̀. "Bó ṣe jẹ́ gan-an ni kó o túmọ̀ ẹ̀, má bù mọ́ ọn. Sọ pé mo gbà á lọ́dún yìí, mi ò gbà pé ó tó. Èmi náà ní ṣọ́ọ̀bù, èmi náà ń sanwó iná. Lọ́dún tó ń bọ̀ a tún máa sọ ọ́. Sọ pé kì í sì í ṣe ẹgbẹ̀ta. Ọ̀ọ́dúnrún ni."

Ọjà-ò-mojú fọwọ́ lérí. "Ẹ̀gbọ́n! Ẹgbẹ̀ta ló ní! Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu!"

"Ó ṣí. Mo rí i. Àwọn tó kàn án, ara wọn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, n óò máa fi ẹ̀gbẹ́ wọlé títí wọ́n á fi tún un kàn. Àmọ́ ilẹ̀kùn tèmi náà wà níbí, ará ọsibítù ń gba ibẹ̀ wọlé. Ọ̀ọ́dúnrún."

Ó túmọ̀ ẹ̀. Onígíláàsì wo ògiri, ó wo gbogbo ẹsẹ̀ tó kọ́ síbẹ̀, ó wo obìnrin tó kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀, tí kò jọ ẹni tó kúnlẹ̀ rárá. Ó ní ó dáa.

Bàtà kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù lórí tábìlì ni wọ́n gbé fún un, ọ̀kan nínú àwọn méjìlá tóun fúnra ẹ̀ dá padà. Ó wọ̀ ọ́. Ó rìn jáde, ó bọ́ sójú títì, kò tiro. Ó sì sanwó ẹ̀, iye tí nọ́ọ̀sì ń san gan-an, torí Ìyá Oníbàtà ò bá a yọ nǹkan kan.

Ẹsẹ̀ onígi tiẹ̀ wà lára ògiri báyìí, láàárín ti nọ́ọ̀sì àgbà àti ti ọkùnrin tí ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ gùn. Àwọn tó ń rán awọ ti di mẹ́rin. Bàbá Gọ́ọ̀mù ò sọ ọ̀rọ̀ ìjókòó sílé mọ́, ó ní kò tiẹ̀ sí àyè tóun fẹ́ fi jókòó. Onílé gba owó ọdún lọ́wọ́ Ìyá Oníbàtà, ó kà á, ó ki í bọ àpò, kò fọwọ́ pa ògiri. Ọkùnrin tó ń ta fóònù ti rí yàrá síbòmíì. Bàtà tí Ìyá Oníbàtà ṣe fún un ló wọ̀ kó lọ síbẹ̀.